Àwòrán Tó Kọjú Sógiri

Ọkùnrin náà kò jókòó títí ó fi wo gbogbo àwòrán inú ṣọ́ọ̀bù náà tán. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn létí ògiri bí ẹni tó ń yan àgbò ọdún, nígbà tó sì dé iwájú àwòrán obìnrin aláṣọ búlúù, ó dúró, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Mardiyah rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ya àwòrán tà ní Choggu, àdúgbò kan ní Tamale, ó sì mọ bí oníbàárà ṣe ń wo ohun tó fẹ́ rà. Ẹni tó fẹ́ rà máa ń sún sẹ́yìn kó lè rí gbogbo rẹ̀. Eléyìí ń sún mọ́ ọn ni.

Ó fi Yorùbá béèrè ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀. Mardiyah ní kì í ṣe ẹnì kankan, òun kàn fi ọkàn yà á ni, ó sì fi "tò" ti àwọn Hausa parí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń ṣe.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Hájíà, Yorùbá yín ti mu fúrá yó. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí."

Ó ní Akínlẹ́yẹ lorúkọ òun, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àná lòun wọ ìlú, ọ̀dọ̀ ará ìlú òun kan ní Kalpohin lòun sùn. Ó ní ẹnìkan ló fi fọ́tò kan han òun lórí fóònù, níbi tí wọ́n pàtẹ àwòrán sí ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, òun sì rí àwòrán yìí lẹ́yìn àwọn èèyàn. Kò hàn dáadáa nínú fọ́tò náà. Ìdí nìyẹn tí òun fi wá wò ó fúnra òun.

Mardiyah ti gbọ́ orúkọ náà rí lẹ́nu obìnrin inú àwòrán náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn.

Kò sí àwòrán kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà tó ní ojú. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ alfa ní Zongo, ló fi òfin náà lélẹ̀ nígbà tó rí i pé ọmọ òun kò ní fi àwòrán sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ya ojú, imú àti ẹnu, wọn yóò ní kó mí ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn, kò sì ní lè ṣe é. Mardiyah gbà. Láti ìgbà náà, ibi tó yẹ kí ojú wà, àwọ̀ ara lásán ló máa ń wà níbẹ̀, pẹrẹsẹ, bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òkú tí ilẹ̀ ti jẹ lójú ló ń yà. Títí di òní ó rántí ẹni kọ̀ọ̀kan tó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rántí ibi tí onítọ̀hún dúró sí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kò gbà kí wọ́n gbé fọ́tò kọ́ sára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Nítorí pé kì í ya ojú, ó di dandan kó ya ìyókù dójú àmì: ọrùn, èjìká, bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ ilẹ̀. Ọwọ́ ló sì máa ń ṣe wàhálà lé lórí jù. Ohun tí ojú ì bá sọ, ọwọ́ ló ń bá a sọ ọ́.

Serifat ni obìnrin aláṣọ búlúù náà, aránṣọ kan tó ń gbé ní Kanvili. Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ òsì lé orúnkún, ó di ọwọ́ náà, ìka ọmọńdinrín nìkan ló yọ síta nítorí pé kò lè ká mọ́. Bí Mardiyah ṣe ń ya ìka náà ni Serifat ń sọ bó ṣe dà bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ìka náà. Kì í ṣe èèṣì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fẹ̀yìn tì í, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ símẹ́ǹtì lórí fóònù. Serifat rántí pé ẹni náà pa ọkọ òun lẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó gbé àwòrán náà lọ síbi ìpàtẹ, ó ti béèrè: "Àǹtí, ṣé wọn ò ní dá mi mọ̀?"

Mardiyah rẹ́rìn-ín nígbà náà. "Ta ló máa dá ẹni tí ò lójú mọ̀?"

Akínlẹ́yẹ wá na ọwọ́ sí ìka inú àwòrán náà báyìí, kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kàn án.

"Ìka yìí," ó ní. "Ilẹ̀kùn ló gbá a."

Mardiyah kò tíì sọ nǹkan kan fún un nípa ìka.

"Bó ṣe wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe yà á."

"Hájíà, ẹnìkan ò lè fi ọkàn ya èyí. Ìyàwó mi ni. Ẹ júwe ibi tó wà fún mi, kí n mú un lọ sílé."

Mardiyah ní òun kò mọ obìnrin kankan bẹ́ẹ̀. Akínlẹ́yẹ fa àpótí, àpótí tí Serifat jókòó lé gan-an, ó jókòó. Ó ní oòrùn mú, òun á dúró níbí títí Hájíà á fi rántí.

Ohun tó ń ba Mardiyah lẹ́rù ni pé Serifat ń bọ̀. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni yóò wá jókòó fún àwòrán mìíràn, wọ́n sì ti pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Iná ti lọ láti àárọ̀. Fóònù Mardiyah wà lọ́dọ̀ Azara tó ń ta wákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, ní òdìkejì títì, nítorí pé òun ló ní sólà. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bu omi mu. Akínlẹ́yẹ náà dìde, ó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun náà. Mardiyah tún jókòó. Ó ní omi ò kánjú.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí gbogbo obìnrin tó ń wá síbẹ̀ mọ̀. Wọ́n máa ń ṣí ìbòrí kí Mardiyah lè rí ọrùn àti èjìká wọn, nítorí náà wọn kì í wọlé bí ọkùnrin bá wà nínú ilé. Bí ọkùnrin bá wà, Mardiyah á gbé àwòrán kan kọ́ síta lẹ́bàá ilẹ̀kùn, á kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ẹni tó bá rí ẹ̀yìn àwòrán á kọjá lọ bí ẹni pé ibòmíràn ló ń lọ.

Ó wo àwọn àwòrán tó wà nílẹ̀. Èyíkéyìí tó bá gbé jáde, ọkùnrin yìí á béèrè ìdí rẹ̀, àfi ẹyọ kan.

"Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

Ó ní òun á rà á. Ó ní òun ti gbọ́ pé àwọn Yorùbá ìlú yìí máa ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú. Òun á gbé e síwájú wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á sọ̀rọ̀.

Mardiyah ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ní láti gba atẹ́gùn díẹ̀ ná, nítorí fáníìṣì ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, bí wọ́n bá fi ìwé ìròyìn dì í báyìí, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dìde, ó gbé e. Akínlẹ́yẹ di etí kejì mú. Àwọn méjèèjì jọ gbé e jáde bí ẹni gbé aláìsàn.

"Ẹ kọjú ẹ̀ sógiri," Mardiyah ní. "Eruku ọyẹ́ á bà á jẹ́."

Akínlẹ́yẹ kọjú sí ògiri, ó gbé àwòrán náà sókè, ó ń fi okùn ẹ̀yìn rẹ̀ wá ìṣó. Ìgbà yẹn ni Mardiyah gbọ́ ìró yẹ́lò-yẹ́lò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò, láti apá Kanvili. Kò yíjú. Kẹ̀kẹ́ náà dẹ eré. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí ọwọ́ òsì kan tó di irin rẹ̀ mú, ìka ọmọńdinrín dá dúró lọ́tọ̀.

Akínlẹ́yẹ béèrè bóyá okùn náà ti kọ́.

"Kò tíì kọ́. Ẹ gbé e sókè sí i. Ẹ sún un sápá òsì díẹ̀."

Ó gbé e sókè. Kẹ̀kẹ́ náà dúró tán. Ọwọ́ náà kúrò lára irin, ó kan èjìká awakọ̀, kẹ̀kẹ́ sì tún gbéra. Nígbà tí Akínlẹ́yẹ yíjú padà, eruku ló bá lójú ọ̀nà.

Ó wo eruku náà. Ó wo ẹ̀yìn àwòrán. Ó wo Mardiyah tí òógùn bò nínú ọyẹ́. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó já àwòrán náà kúrò lára ìṣó, ó gbé e wọlé padà, ó fi í ti ògiri lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì yọ fóònù rẹ̀.

Mardiyah kò ronú kan ìyẹn rí. Kò sí ìdí fún un láti ra nǹkan kan. Fọ́tò ìka náà nìkan tó o. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé Yorùbá ní Tamale á ti rí i.

Ó wá búrọ́ọ̀ṣì, kò rí i. Ó ti ọwọ́ bọ inú agolo ọ̀dà pupa tó fi ń ya ilẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọwọ́ inú àwòrán náà rẹ́, láti ọrùn ọwọ́ dé orúnkún. Ó tún pa á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí fóònù Akínlẹ́yẹ fi máa ya fọ́tò, kò sí ọwọ́ níbẹ̀ mọ́. Mardiyah mọ̀ pé òun ò tíì ya nǹkan tó dára tó ọwọ́ náà rí.

Akínlẹ́yẹ ki fóònù bọ àpò.

"Ẹ ṣeun," ó ní wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ẹ ti dá mi lóhùn. Ó wà ní Tamale."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mardiyah lára. Òótọ́ ni, òun ló fi ọwọ́ ara òun jẹ́rìí. Ọ̀dà ń kán sílẹ̀ láti ìka rẹ̀. 

"Tamale fẹ̀," ó ní. "Ẹ lọ bá àwọn àgbà lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ sọ fún wọn pé obìnrin tí ìka ọmọńdinrín rẹ̀ kò ká lẹ ń wá. Wọ́n á bi yín ohun tó ṣe ìka náà. Ẹ ó ní ilẹ̀kùn ni. Èmi náà á wà ní ìjókòó, màá sì bi yín lójú gbogbo wọn pé ta ló fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ọ̀hún, tó ń sọ̀rọ̀ símẹ́ǹtì, tó ń rẹ́rìn-ín."

Láti ìgbà tí Akínlẹ́yẹ ti wọlé, ìgbà yìí ló kọ́kọ́ wo ojú Mardiyah. Mardiyah náà wò ó. Kò ya ojú ẹnikẹ́ni láti ìgbà òfin bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí òun ya eléyìí, kò sí ìlà kan tí òun máa gbàgbé.

Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ yẹ ojú kúrò. Ó jáde. Kò sọ pé òun á padà wá, kò sì sọ pé òun kò ní padà. Mardiyah dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi gun ọ̀kadà tí ó sì lọ.

Azara ló sọdá títì wá, ó mú fóònù lọ́wọ́, ó ní ó ti ń dún láìdákẹ́, kò jẹ́ kí òun bu wákyé fún oníbàárà. Mardiyah fi ọwọ́ tí kò lọ́dà gbà á.

"Àǹtí," Serifat ní. "Mo rí ẹ̀yìn àwòrán. Mo rí bàtà ẹni tó gbé e dání."

"Má wá. Ó ti lọ, ṣùgbọ́n má wá. Má sun ilé rẹ lónìí."

Serifat béèrè: "Ṣé ó dá mi mọ̀?"

"Ó dá ẹ mọ̀."

"Kí ló fi dá mi mọ̀?"

"Ọwọ́ rẹ. Mo ti pa á rẹ́. Kò lè fi han ẹnikẹ́ni mọ́."

Mardiyah ń retí kó dúpẹ́, tàbí kó bú òun. Èébú tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìró ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gbọ́ lórí fóònù, ó ń lọ, ó ń lọ.

"Gbogbo rẹ̀?" Serifat béèrè níkẹyìn.

"Gbogbo rẹ̀."

"Mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn," Serifat ní. "Bẹ́ ẹ ṣe yà á yẹn, kò dùn mí mọ́ tí mo bá ń wò ó."

Mardiyah wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀dà ti ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ti ń fa awọ ara rẹ̀.