Ilé Ìwé Mẹ́ta Tí Àdíját Lọ Wò

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ọmọ tó ń wọ girama mọ́ ògiri, Àdíját rí orúkọ ọmọ rẹ̀, Haneefah, lábẹ́ ilé ìwé tí gbogbo òbí ní Àgọ́-Ìwòyè ń wá. Àwọn ìyá tó dúró tì í kí i kú oríire. Ó dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àìsàn kan ti ba etí òsì Haneefah jẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, ti ọ̀tún náà kò sì gbọ́ràn tó bó ṣe yẹ. Olùkọ́ rẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti sọ ọ́ fún Àdíját pé, "Ọmọ yìí ní làákàyè. Ṣùgbọ́n tí kíláàsì rẹ̀ bá kún, tó sì ń pariwo, ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Mùbàṣírù, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Abigi, lọ́hùn-ún ní Ogun Waterside, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Àdíját pè é lórí fóònù.

"Ibi táwọn èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ láti wọ̀ ni wọ́n fún wa yẹn," ni Mùbàṣírù wí. "Kí lo tún ń wá?"

"Mo fẹ́ lọ wò ó ná."

"Lọ wò ó. Ohun tó o bá sọ la máa ṣe."

Ó mọ̀ pé ọkọ òun fọkàn tán òun ni. Síbẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ pé ọrùn òun nìkan ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ sí.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé. Lọ́jọ́ Ajé, ó ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó mú Haneefah dání, wọ́n lọ sí èyí tí wọ́n pín in sí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò tíì gba ìsinmi. Ìyáàfin Ìbíyẹmí, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé náà, sọ fún un pé kò sí ẹ̀kọ́ tí àwọn kò ní olùkọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń yege dáadáa. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì kìíní. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ló wà lórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn jókòó sójú fèrèsé. Àdíját kà wọ́n dé àádọ́rùn-ún, ó ṣíwọ́ kíkà.

"Mo lè fi í síwájú," ni Ìyáàfin Ìbíyẹmí wí, "ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Mo ti ṣèlérí iwájú yẹn fún òbí tó pọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ogójì ọmọ ló wà ní kíláàsì, olúkúlùkù ló ní àga tirẹ̀. Ara Àdíját ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú lẹ́yìn ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í han. Olùkọ́ gbé ohùn sókè, ó ń bá ìwé tó ń kà lọ. Àdíját bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu sí etí ọ̀tún Haneefah.

"Kí ló sọ?"

"Mọ́mì, mo rí ẹnu rẹ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀."

Àdíját bi olùkọ́ náà pé ìgbà wo ni ẹ̀rọ yẹn máa ń dákẹ́.

"Tí igi bá tán, màmá," ni olùkọ́ náà dáhùn. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Lọ́jọ́rú, òjò pa wọ́n lórí ọ̀kadà kí wọ́n tó dé ilé ìwé tó wà ní Mamu. Ọmọ méjìlélógún ló wà ní kíláàsì ibẹ̀, ó sì parọ́rọ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ ìró ṣọ́ọ̀kì lára pátákó. Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, ọ̀gá ilé ìwé náà, ló ń kọ́ wọn. Ó fún Haneefah láyè jókòó ní ìlà kejì. Kò pẹ́ tó béèrè ìbéèrè kan, Haneefah sì nawọ́, ó dáhùn. Àdíját kò rí i rí kí ó nawọ́ láàárín àjèjì.

Níta, Ọ̀gbẹ́ni Adéníran sọ èyí tó kù fún un. "A ò ní olùkọ́ ìṣirò. Láti oṣù kẹta ni tiwa ti lọ, wọn ò tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò."

"Ta ló wá ń kọ́ wọn, sà?"

"Èmi náà ni. Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Mo máa ń ka ìwé ìṣirò náà sílẹ̀ kí n tó wọlé. Ó máa ń dàrú mọ́ mi lójú nígbà mìíràn, èmi àtàwọn ọmọ á pa á rẹ́, a ó tún un ṣe."

Àdíját jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú aṣọ tútù lára. "Ó rẹ̀ mí, sà," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

"Mo mọ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Adéníran wí. Ó dúró tì í títí ó fi lè dìde.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ láti pààrọ̀ ilé ìwé. Akọ̀wé ọ́fíìsì bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó mọ̀ pé Mamu ló kọ sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Ní ìparí sáà àkọ́kọ́, Haneefah gba méjìdínlọ́gọ́rin nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó gba mọ́kànlélógójì nínú ìṣirò. Mùbàṣírù wá sílé, ó wo ìwé èsì náà pẹ́.

"Ìṣirò yìí ńkọ́?"

"Wọn ò tíì rán olùkọ́ wá."

"Àmọ́ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Ó ń gbọ́."

Mùbàṣírù dá ìwé náà padà fún un.

Nígbà tí sáà kejì wọlé, Àdíját tún ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá àwọn òbí yòókù ní Mamu láti fọwọ́ sí lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi béèrè olùkọ́ ìṣirò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n máa kọ nìyẹn. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó fọwọ́ sí i, ó sì jáde lọ dúró de ọ̀kadà lẹ́bàá títì.