Ìgò Àjẹsára Tí Ìyá Yìnyín Fọ́

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn ara rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́ géètì tuntun, ó ní kí wọ́n fi gílóòbù yí orúkọ òun ká, kí jẹnẹrétọ̀ máa tàn án látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó tàn lóòótọ́. Nígbà tí iná ìjọba lọ lọ́jọ́ Ẹtì, epo dísẹ́ẹ̀lì ti tán lórí orúkọ ọ̀gá, fíríìjì tí à ń kó àjẹsára àwọn ọmọdé sí sì kú títí di ọjọ́ Ajé.

Obìnrin tó ń tọ́jú fíríìjì náà là ń pè ní Ìyá Yìnyín. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, ó máa ń wo tẹmómítà, á kọ ohun tó bá rí sórí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì. Ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Màmá," ni ọ̀gá wí, "àwọn àlejò láti olú-iléeṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tàwọn ti ayàwòrán. Ẹ kọ mẹ́rin. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Èyí ti bàjẹ́, ọ̀gá. Ọmọ tí wọ́n bá gún un fún, omi lásán ló gbà. Ìyá rẹ̀ á wá fọkàn balẹ̀ títí àrùn á fi kanlẹ̀kùn."

"Oṣù mẹ́jọ ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Bàbá tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ nílé ńkọ́? Ta ni yóò máa ra oògùn rẹ̀?"

Apá kan ara ọkọ Ìyá Yìnyín ti rọ láti ọdún méjì, owó ìfẹ̀yìntì yẹn ni wọ́n gbójú lé. Síbẹ̀ kò kọ mẹ́rin.

Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni akọ̀wé, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì gún régé. Ọ̀gá ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Orí mi wú. Mo mú ìwé tuntun, mo fi mẹ́rin kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyìn náà dùn mọ́ mi débi pé mo kọ ọ́ dé òpin oṣù. Àwọn ọjọ́ tí ilẹ̀ wọn kò tíì mọ́ pàápàá ti tutù dáadáa.

Ìyá Yìnyín rí i, ó wò mí. Ó kọ lẹ́tà sí olú-iléeṣẹ́. Iṣẹ́ ìjọba kì í yá, ṣùgbọ́n èyí yá. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà náà ti padà sórí tábìlì ọ̀gá, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ bá wa yanjú rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ìyá ọlọ́mọ kún àgbàlá fọ́fọ́. Ìyá Yìnyín ń lọ láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì. "Ẹ gbé ọmọ yín lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́. Àjẹsára tòní ti kú."

"Ìyá, ṣé ẹ mu nǹkan ni?" ni ìyá ìbejì kan dá a lóhùn. "Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti ń tò síbí. Àbí àwọn ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ ṣẹ́ ẹ kù fún?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó wọ yàrá fíríìjì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ ọ: kàsá. Kàsá. Ó ń fọ́ ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan sínú bókẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá ń gbá ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣí i! Dúkìá ìjọba nìyẹn!"

"Mo ń bọ̀, ọ̀gá. Ó ku díẹ̀."

Nígbà tó ṣí i, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí àwọn àlejò ti dé géètì, wọ́n ń ka orúkọ rẹ̀.

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Ẹ ní òòyì ló kọ́ yín, páálí bọ́ lọ́wọ́ yín. Owó yín ò ní lọ." Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ìdajì àjẹsára yìí lẹ fi ránṣẹ́ sáwọn ìletò lánàá. Tí mo bá ní ó bọ́, ta ni yóò sáré lọ gbà á padà? Mo fọ́ ọ ni. Ẹ pe ọlọ́pàá, kí wọ́n bi mí nídìí rẹ̀."

Ọlọ́pàá dé, wọn ò bi í. Sájẹ́ǹtì gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dání, ó ń wo ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ náà. "Màmá, ibo ni kí n fi í sí báyìí?"

"Fi sí òkè díẹ̀, ọmọ mi. Ìgò ò dé ibẹ̀."

Bí wọ́n ṣe mú un kọjá lágbàlá, àwọn ìyá ń ṣépè. Ó dúró. "Ẹ bi akọ̀wé. Ó mọ̀ ọ́n."

Ìyá ìbejì kọjú sí mi. "Bùọ̀dá, ṣé òótọ́ ni?"

Ojú ọ̀gá ń jó mi lẹ́yìn ọrùn. Ọlọ́pàá ń fa Ìyá Yìnyín, kò mira.

"Mi ò mọ nǹkan kan," ni mo wí.

Nítorí pé mo wọ táì, ó gbà mí gbọ́. Ó yíjú, ó tutọ́ sí ìyá àgbà náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n sì mú un lọ.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ìletò ránṣẹ́ pé gbogbo ọmọ ti gba àjẹsára tiwọn.