Èwo Ni Ká Máa Pè Ní Fọ́tò?

Ọkùnrin méjì ni ìyá mi bí mọ́ mi. Méjèèjì ló ń ya fọ́tò, méjèèjì ni kò sì gbọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe dùn mí. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Kámẹ́rà onífíìmù ni bọ̀dá mi ń lò. Tó bá ya èèyàn tán, á gbé fíìmù wọ yàrá òkùnkùn lọ fọ̀. Dígítà oníkáàdì, tí kì í lo fíìmù, ni ti àbúrò mi. Jẹ́-n-wò là ń pè é, torí "jẹ́ n wò ó" ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ, lójú ẹsẹ̀ ló sì máa ń fi hàn wọ́n.

Orí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù nìjà wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá ní kí Jẹ́-n-wò má kọ "fọ́tò" sí ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀.

"Wá orúkọ míì fún tìẹ. Ẹyẹ ń fò, àdán náà ń fò. Ta ló ń pe àdán lẹ́yẹ?"

"Bọ̀dá, ọbẹ̀ orí igi, ọbẹ̀ orí gáàsì, ṣebí ọbẹ̀ náà ni? Fọ́tò ni fọ́tò, kámẹ́rà ni kámẹ́rà."

"Ọbẹ̀ tí ò rí iná rí ni tìẹ!"

Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín. Èmi àti ọkọ mi náà á bá wọn rín in.

Màmá wa kì í ya fọ́tò. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ìyá onífọ́tò méjì! Tí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà, á fi ìborùn bojú, á ní, "Ẹ jẹ́ n sanra díẹ̀ ná." Àìsàn dé, kò jẹ́ kó sanra. Ọ̀dọ̀ mi ló dùbúlẹ̀ sí. Mo lóyún àkọ́kọ́ nígbà náà, oyún tí mo ti fi omijé wá, àdúrà mi ni pé kí ọmọ náà bá ìyá mi láyé. Nígbà tí mo rí i pé ó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, mo ní kí ọmọ mi kúkú rí ojú rẹ̀ nínú fọ́tò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara tù ú, ó gbà. Mo wẹ̀ fún un, mo gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ránṣẹ́ sí wọn. Bọ̀dá gbé kámẹ́rà tiẹ̀ jáde. Jẹ́-n-wò náà gbé tiẹ̀.

"Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀," Bọ̀dá wí. "Fọ́tò la fẹ́ ya fún Màmá."

"Kí wá ni tèmi ń jẹ́?"

"Ohun tí mo ti ń bi ọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

Jẹ́-n-wò yanu láti fèsì, ni Màmá bá gbọ́wọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an. "Gbé e sílẹ̀, ọkọ mi. Fún ẹ̀gbọ́n ẹ láyè. Tó bá dọ̀la, wàá ya tìẹ."

Jẹ́-n-wò gbé e sílẹ̀. Bọ̀dá ya Màmá, Màmá sì rẹ́rìn-ín sí i. Kó tó dọ̀la, Màmá ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ̀dá ò lè fọ fíìmù náà. Ó ní ẹ̀rù ojú Màmá ń ba òun. Ó fi kámẹ́rà sílẹ̀ ní yàrá ibi tó ti yà á, ó ní òun á padà wá mú un. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó tì í sunkún. Ọkọ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò lè wo omijé, rò pé kóun yọ fọ́tò náà nínú kámẹ́rà fún Jẹ́-n-wò, kó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó sójú fèrèsé, oòrùn ń ràn sí i lára. Ó ti ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ti fa gbogbo fíìmù jáde, gbọọrọ, sórí itan rẹ̀.

"Mo wá káàdì rẹ̀ títí, mi ò rí i," ló wí.

Yéè! Mo fi igbe ta. Mo ní kí lẹ ṣe fún mi yìí, ìmọ́lẹ̀ kì í kan án! Ó ń wò mí. "Tí mo bá ká a padà ńkọ́?" Mi ò tilẹ̀ lè bínú sí i, ìyẹn ló burú jù.

Bọ̀dá ṣáà fọ̀ ọ́. Dúdú ló jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Mo sọ ọ́!" Bọ̀dá ń pariwo mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ká ní orúkọ ọ̀tọ̀ là ń pè é, ṣé ọkọ ẹ á ṣí i?"

"Ká ní ẹ jẹ́ n ya tèmi ńkọ́," Jẹ́-n-wò wí, "ohun yòówù kó máa jẹ́?"

Bọ̀dá fìdí lélẹ̀, ó bú sẹ́kún. Wọn ò sọ̀rọ̀ pátákó mọ́.

Mo bí obìnrin. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn méjèèjì wá wò ó. Bọ̀dá ní ó jọ Màmá tán, àfi àmì dúdú kékeré tó wà lókè ètè Màmá lápá òsì. Jẹ́-n-wò ní apá ọ̀tún ni. Òsì. Ọ̀tún. Wọ́n ń jà lórí ọmọ mi, ohùn wọn ń ga sí i, wọ́n bá kọjú sí mi pé kí n dájọ́, ṣebí èmi ni mò ń bọ́jú fún Màmá láràárọ̀ nígbà àìsàn rẹ̀.

Mo ronú títí. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.