Tẹmọsítáàtì Tí Wọ́n Ní Kó Lọ Sè Jẹ

Èéfín ni Phebe kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkọ̀. Ó dúdú kirikiri, ó ń rọ́ bọ̀ lójú títì, àwọn ọlọ́kadà Ọ̀fàtẹ̀dó ń fi ọwọ́ bo imú, wọ́n ń ṣépè fún onímọ́tò tí wọn ò tíì rí. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ náà yà wọ ṣọ́ọ̀bù, tí ẹni tó wà á sọ̀ kalẹ̀, sípánà bọ́ lọ́wọ́ Phebe. Ọ̀gá Barnabas ni! Barnabas kan náà, alága àwọn mẹ́káníìkì Iléṣà, tí Phebe ti ń bẹ Ọlọ́run láti ọdún mẹ́sàn-án pé kó fà lé òun lọ́wọ́. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà o!

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Nígbà yẹn, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Phebe. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó gba fíríídọ̀mù, Cecilia ìyá rẹ̀ sì ti rán aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Píkọ́ọ̀pù yìí gan-an ni ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ń gbóná jù, ọ̀gá sì fẹ́ yọ tẹmọsítáàtì rẹ̀ dànù. Tẹmọsítáàtì ni irin kékeré tí í dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí ara ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó, kó tó ṣílẹ̀kùn fún omi náà. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì wa ni kò kà á sí. Wọ́n á ní ilẹ̀ òyìnbó ló tutù, kí la fẹ́ fi í ṣe níbí?

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, rédíétọ̀ ló dí,” ni Phebe wí. “Bí ẹ bá yọ irin yìí, òtútù á máa mú ẹ́ńjìnnì. Epo ni yóò máa mu ṣáá, èyí tí kò bá sì jó tán á di èéfín.”

Háà! Àfi bí ẹni pé ó bú baba ọ̀gá. Barnabas yọ irin náà, ó sọ ọ́ lu ọmọbìnrin náà láyà. “Gbà! Mú un lọ sílé, lọ sè é jẹ!” Ó ní kó lóṣòó sẹ́yìn sàlẹ́ńsà, kó máa fa èéfín títí orí rẹ̀ yóò fi pé. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, Mùíbì tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ló sì rẹ́rìn-ín jù. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá lé e dànù, ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ba ọkọ̀ òun jẹ́, pé olóríkunkun tí kò lè kọ́ṣẹ́ ni. Cecilia gbà á gbọ́, ọ̀gá ṣáà ni ọ̀gá. Ìyá náà kú ní ọdún kejì, ó ṣì gbà á gbọ́. Ìyẹn ni Phebe kò rí gbé mì.

“Phebe, ọmọ mi,” Barnabas ní, ó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní kò sí èéfín tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Àwọn ayẹkọ̀wò ti dá a dúró l’Óṣogbo. Wọ́n ní bí ọkọ̀ náà bá ṣì ń rú èéfín di ọjọ́ Ẹtì, kò gbọdọ̀ gun títì mọ́. Alága mẹ́káníìkì! Ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti fọ nọ́sù tó ń fọ́n epo, ó ti ra fíltà afẹ́fẹ́ tuntun, rédíétọ̀ pàápàá ti di tuntun, èéfín ò gbọ́. Ló bá sá wá sí Ọ̀fàtẹ̀dó, kí ará Iléṣà má baà rí i.

“Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá,” ni Phebe wí. Ẹnu rẹ̀ ń kí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sídìí ọkọ̀.

Kò tíì tú nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ wo aago ooru nínú ọkọ̀, ọwọ́ aago náà sùn sílẹ̀ gbalaja. Ó di róbà omi tó wọ rédíétọ̀ mú. Ọkọ̀ tó ti Iléṣà wá, róbà yẹn yẹ kó jó o lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ń rùn lára rẹ̀. Níkẹyìn, ó tú ilé tẹmọsítáàtì. Ilé ṣófo.

“Ta ló yọ ọ́, ọ̀gá?” Ó mọ̀ o. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni.

“Ó ti pẹ́. Ṣebí gbogbo wa la máa ń yọ ọ́.”

Phebe wọlé, ó gbé agolo mílíìkì kan jáde. Ègé aṣọ funfun tí ìyá rẹ̀ rán lọ́jọ́sí ló wà nínú rẹ̀, irin kékeré náà sì wà nínú aṣọ. Ó gbé ìkòkò omi kaná, ó ju irin náà sí i.

“Má ṣe ìyọnu oúnjẹ,” Barnabas ní. “Mo ti jẹun nílé.”

“Tiyín ṣì kù, ọ̀gá.”

Àwọn ọlọ́kadà tó tẹ̀lé èéfín wá jà ti pé jọ. Omi hó, irin náà sì yanu láàárín ìkòkò. Ó ṣì dáa! Phebe yọ ọ́, ó gbé e sínú abọ́, ó fi ṣíbí sí i, ó gbé e síwájú ọ̀gá.

“Ẹ ní kí n lọ sè é jẹ. Ó ti jinná. Àmọ́ ọmọ kì í jẹun ṣáájú àgbà. Ẹ bù ú jẹ.”

Ojú Barnabas pọ́n. Ó wá dá irin náà mọ̀. “Phebe, nítorí Ọlọ́run.”

“Ẹ jẹ ẹ́, tàbí kí ẹ sọ ọ́. Gúrúpù Wáásáàpù yín tí gbogbo mẹ́káníìkì Iléṣà wà, ẹ fi ohùn yín síbẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe.”

“Èmi alága?”

“Ẹ̀yin alága. Ọmọ òṣómàáló ni mí, ọ̀gá. Ẹ ní kí n lóṣòó lọ́jọ́sí, n ò tíì dìde.” Ó sì lóṣòó síwájú rẹ̀ lóòótọ́, bí àwọn babańlá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ti í lóṣòó síwájú ajigbèsè.

Barnabas wo píkọ́ọ̀pù, ó wo àwọn èrò, ó rántí ọjọ́ Ẹtì. Ó mú fóònù. “Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọbìnrin kan wà tó sọ nǹkan kan nígbà kan...”

“Rárá o! Ọmọbìnrin wo? Ẹ pè mí lórúkọ. Ẹ fi orúkọ ìyá mi sí i.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un sọ kó tó bọ́ sí i. “Phebe ọmọ Cecilia kò ba ọkọ̀ mi jẹ́. Ó ní kí n má yọ tẹmọsítáàtì, òun ló tọ̀nà. Irọ́ ni mo pa fún ìyá rẹ̀.” Ó fi í ránṣẹ́.

Ìgbà náà ni Phebe dìde. Ó dá irin náà padà sí ààyè rẹ̀, ó nu àwọn púlọ́ọ̀gì, ó rọ omi, ó ṣáná sí ọkọ̀. Ọwọ́ aago ooru gbéra díẹ̀díẹ̀, ó dúró ní àárín. Èéfín ń fẹ́lẹ́, ó ń fẹ́lẹ́, ó tán. Phebe na ègé aṣọ funfun náà sí ẹnu sàlẹ́ńsà títí, aṣọ ò dúdú.

Fóònù Barnabas dún. Ohùn Mùíbì ni: “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká máa yọ ọ́. Gbogbo èyí tí mo ti yọ dànù ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún àwọn tó ni ọkọ̀?” Ó tún dún. Ó tún dún. Barnabas pa á, ó wọ ọkọ̀, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ náà kọjá lọ láìrú èéfín, kò sì sí ọlọ́kadà tó bo imú.

Phebe fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bu ẹ̀bà ọ̀sán rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀, ó dùn gan-an. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó rántí pé ẹni tó yẹ kó gbọ́ ohùn yẹn kò sí nínú gúrúpù kankan. Ó gbé abọ́ sílẹ̀.