Iye Oúnjẹ Tó Tọ́ sí Alágbàfọ̀

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Alágbàfọ̀ nígbà tí dókítà pè é wọ yàrá kékeré kan, tí ó sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ bá ti àbúrò rẹ̀ mu, pé ó lè fún un ní ọ̀kan. Kò jẹ́ kí dókítà parí ọ̀rọ̀ tí ó fi fò dìde.

“Ọjọ́ wo ni ká wá? Ṣé lọ́la?”

“Ẹ jókòó ná, mà,” ni dókítà wí. “Ó ku ohun kan.”

Ohun kan náà ni ìwọ̀n rẹ̀. Kílò méjìléláàádọ́rùn-ún ni ó wọ̀n. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ léwu fún ẹni tó bá sanra tó bẹ́ẹ̀, àti pé kíndìnrín kan ṣoṣo tí yóò kù sí i lára yóò máa ṣe wàhálà jù. Kí ó kọ́kọ́ wálẹ̀ sí mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó ní òun yóò kọ ìwé kí ó lè rí onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn náà, ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ ò gbọ́ ìyẹn mọ́. Kílò mẹ́sàn-án ló ń dún létí rẹ̀.

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò yìí, torí pé ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wọn kú, Alágbàfọ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí kíndìnrín Tíṣà méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ dùbúlẹ̀ ti ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, wákàtí mẹ́rin gbáko lẹ́ẹ̀kan.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí rọ́bà méjì wà lápá rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yìí ń ṣe? Ẹ̀yin ń fọ aṣọ, òun ń fọ ẹ̀jẹ̀.”

“Èmi kì í pẹ́ tó yẹn o. Wákàtí mẹ́rin lórí ẹnì kan ṣoṣo! Tó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi ni, mo ti lé e lọ.”

Nígbà tí ó sọ fún un pé kíndìnrín òun bá tirẹ̀ mu, Tíṣà kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá ló wá ní, “Ẹ má kánjú nítorí tèmi o.”

“Ta ló ń kánjú?”

Irọ́ ló ń pa. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tó yá jù.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orí ìdúró ló máa ń wà: á kó aṣọ sínú ẹ̀rọ, á kó o jáde nígbà tó bá ti tutù tó sì ti wúwo bí òkúta, á tì í lórí kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Obìnrin kan wà nínú ọ́fíìsì iwájú tí ó ń dáhùn fóònù. Ó tín-ín-rín, ó sì kéré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ní ọdún tó kọjá, Abẹ́rẹ́ yìí ti fọn díẹ̀ sí i, gbogbo wọn ló sì rí i.

“Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ṣe é?” ni Alágbàfọ̀ bi í.

“Kálórì ni mo ń kà.” Abẹ́rẹ́ mú páálí bisikíìtì kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. “Ìwọ wo ibí yìí. Gbogbo oúnjẹ ló ní iye agbára tí ó ń fún ara, òun ni wọ́n ń pè ní kálórì. Tí èyí tó ń wọlé bá kéré sí èyí tí ara ń jó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá tó kó pa mọ́ yọ. Fóònù mi ṣe ìṣirò ẹ̀ fún mi. Ẹgbẹ̀fà ni tèmi lójúmọ́. Mi ò sì kọjá ẹ̀.”

Alágbàfọ̀ dúpẹ́. Ó mú ẹgbẹ̀fà lọ sílé bí ẹni tó rí òògùn he. Nígbà tó di alẹ́, ó rò ó pé Abẹ́rẹ́ ò kúkú ní àbúrò tó wà lórí ẹ̀rọ, ó lè máa rọra lọ. Ó bá yọ ọ̀ọ́dúnrún kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ló kù.

Ègé búrẹ́dì kan àti ẹyin sísè kan ní àárọ̀. Ápù kan ní ọ̀sán. Ẹ̀wà ife kan àti ẹ̀fọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kílò mẹ́ta ti lọ, inú rẹ̀ sì dùn dé ibi pé ó ń dá kọrin nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un nínú ooru ilé ìfọṣọ. Ní ìkẹrin, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní ìkarùn-ún, ó jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ kan nítorí àpò ìrọ̀rí kan ṣoṣo, débi tí ọmọ náà fi sunkún, ó sì rí irun tirẹ̀ ní ìdì nínú ìyarun. Kò sọ fún ẹnì kankan. Tíṣà bi í pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tutù lọ. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó ṣubú sórí òkìtì aṣọ ibùsùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílẹ̀. Ibi tó bọ́ sí ló gbà á là. Ìgbésẹ̀ méjì sí i, sìmẹ́ńtì ni ì bá fi orí sọ.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti já. Bí àìsàn ìyá wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: ó ń rù, ó ń gbọ̀n, ó ṣubú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó dúró. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi kan fún wákàtí mẹ́ta. Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé bí wọ́n bá rí ohunkóhun lára òun, wọn ò ní gba kíndìnrín òun mọ́, òun á sì jókòó máa wo Tíṣà.

Dókítà jáde, ó mú ìwé dání.

“Mà, kò sí nǹkan tó ṣe kíndìnrín yín. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn yín. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ló lọ sílẹ̀ jù. Ẹ tẹ̀ lé mi.”

Onímọ̀ oúnjẹ tó mú un lọ bá kò tíì lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó fún un ní ife mílíìkì kan àti búrẹ́dì, ó dúró kí ó jẹ ẹ́ tán, kó tó mú bírò.

“Màmá, kálórì mélòó lẹ̀ ń jẹ lójúmọ́?”

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, dókítà.”

“Ta ló fún yín nírú iye yẹn?”

Alágbàfọ̀ ròyìn Abẹ́rẹ́ àti ẹgbẹ̀fà rẹ̀.

“Báwo ni ẹ̀gbọ́n yín yìí ṣe rí?”

“Kékeré báyìí. Kò ga ju èjìká mi lọ. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún.”

“Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

Alágbàfọ̀ ronú díẹ̀. “Ó ń jókòó.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa bébà funfun kan sáàárín àwọn méjèèjì. “Tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiyín. Lónìí, ẹ wọn kílò mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀ jẹ́ 870. Ẹ ga ní sẹ̀ǹtímítà 164. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà àti ìdámẹ́rin, ó di 1,025. Ká pa wọ́n pọ̀: 1,895. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ lara ń dín iye tó ń jó kù, nítorí náà, ọjọ́ orí yín lọ́nà márùn-ún, 230, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ku 1,665. Ẹ tún yọ 161.”

“Ìyẹn ńkọ́? Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ìyẹn?”

“Torí pé obìnrin ni yín. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, márùn-ún ni wọ́n máa ń fi kún un.”

“Ẹ ẹ̀ rí i! Wọ́n tún rẹ́ wa jẹ níbẹ̀ yẹn náà!”

“Ó ku 1,504.” Ó fi bírò yí i po. “Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èyí ni ohun tí ara yín ń jó tí ẹ bá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀, tí ẹ ò gbé ìka kan. Kí ọkàn ṣáà máa lù, kí ẹ máa mí, kí ara máa lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀yin wá ń fún un ní 900, ẹ sì tún ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tutù.”

Alágbàfọ̀ fa bébà náà sún mọ́ra, ó wo iye náà.

“Ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́, ìlọ́po kan àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá la máa fi ṣe é. Irú iṣẹ́ tiyín, ìlọ́po kan àti ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ó di 2,406. Tí ẹ bá jẹ tó yẹn, ẹ ò ní sanra, ẹ ò ní fọn. Ẹ wá yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kí ìdajì kílò lè máa lọ lọ́sẹ̀. Ó ku 1,906. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá. Ìfojúbù ni o. A máa wọ̀n yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí ara yín bá wí la máa tẹ̀ lé.”

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá? Kí n máa jẹ gbogbo ẹ̀?”

“Ẹ máa jẹ gbogbo ẹ̀.”

“Àṣé ebi ni.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. “Kì í ṣe àìsàn. Àṣé ebi lásán ni!”

“Ebi ni, Màmá. Ẹ ṣì lè fún àbúrò yín. Kílò mẹ́rin péré ló kù.”

“Ọmọ mi,” ni Alágbàfọ̀ wí, omi sì ti ń dà lójú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, “ọmọ mi, o ò ní mọ ebi láéláé.”

Ó jẹ́wọ́ fún Tíṣà ní ọjọ́ kejì, ó sì fi bébà náà hàn án. Tíṣà gba bírò, ó fi ọwọ́ tí kò sí rọ́bà lára rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe láti òkè délẹ̀. Ó pé. Lẹ́yìn náà ló wá bínú.

“Ẹ̀gbọ́n, ìdáhùn ẹni tó jókòó tì yín lẹ wò kọ! Ìbéèrè yín ò sì rí bákan náà! Tí ọmọ kíláàsì mi bá dán irú ẹ̀ wò, òdo ni mo máa fún un.”

“Fún mi ní òdo mi, mo gbà á.”

“Ẹ̀ bá ti kú o.” Ohùn rẹ̀ yí padà. “Kí wá ni mo fẹ́ fi kíndìnrín ṣe?”

Alágbàfọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀rọ fi parí iṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ náà wá sílé, ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. Alágbàfọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun lòun yọ ọ̀ọ́dúnrún láìbi ẹnikẹ́ni. Wọ́n jọ jókòó jẹ ìrẹsì àti ẹja, wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó bù ú sáwo.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e rọrùn ju bí ó ṣe rò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Ó bẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àpò ìrọ̀rí. Ní ọ̀sẹ̀ kan, òṣùwọ̀n gòkè dípò kó wálẹ̀, ó sì sáré pe onímọ̀ oúnjẹ lórí fóònù. Ìyẹn ní omi ara ni, kí ó má fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀, kí ó ní sùúrù. Ó ní sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n, kò tó mẹ́tàlélọ́gọ́rin mọ́. Dókítà wo ìwé rẹ̀, ó sì mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ìrora ni Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí ó jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, “Ó ti ń tọ̀! Tíṣà ti ń tọ̀! Kíndìnrín náà ti ń ṣiṣẹ́!” Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í lọ sí yàrá Tíṣà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Tíṣà fi ìka tọ́ka sí àpò rọ́bà tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Ó ti kún dé ìdajì, ó sì mọ́ gaara.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó,” ni ó wí, bí ẹni tó kọ́lé. “Láti ìdájí nìkan ni o.”

“Má pa mí lẹ́rìn-ín, jọ̀ọ́,” ni Alágbàfọ̀ wí, ó fi ọwọ́ di ojú abẹ mú, ẹ̀rín sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.