Ọdún Mẹ́fà àti Oṣù Mẹ́ta

Aago méjì ọ̀sán ni ìdánwò ẹ̀kọ́ òfin yóò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí aago fi máa lu mẹ́wàá òwúrọ̀, ọmọ náà kò tíì fojú kan orí kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ orí kẹsàn-án ló gùn jù nínú ìwé.

Ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀: tábìlì kan, áyọ́ọ̀nù kan, okùn tí wọ́n ta láti ògiri dé ògiri, àti báàfù méjì tí wọ́n máa ń gbé jáde síta tí wọ́n bá fẹ́ fọṣọ, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè, erùpẹ̀ bàtà rẹ̀ á máa rọ̀ sórí aṣọ funfun. Obìnrin náà fi ọ̀rá bo òkè okùn. Erùpẹ̀ ṣì ń wọlé.

Bí wọ́n ṣe máa ń kàwé nìyí. Ìyá kò mọ̀wé. Nọ́ńbà ló mọ̀, nítorí pé alágbàfọ̀ tí kò bá mọ nọ́ńbà yóò gbé ṣòkòtò awakọ̀ fún adájọ́. Ọmọ wá da ogójì ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ, ó fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì kó ogójì lára àwọn nọ́ńbà páálí tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ oníbàárà sínú abọ́. Ìyá á ki ọwọ́ bọ abọ́, á pe nọ́ńbà tó bá mú, ọmọ á dáhùn láti orí. Ìyá kò lè yẹ ìwé wò, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Tí ọmọ náà bá mọ nǹkan, tààrà ni yóò sọ ọ́. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ ńláńlá bò ó mọ́lẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún."

"Àdéhùn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bá jẹ́ pé tipátipá ni wọ́n fi mú ẹnì kan wọ inú rẹ̀."

"Ó dáa. Mẹ́rin."

"Ìyẹn ni... tí a bá wò ó fínnífínní, láti oríṣiríṣi ìhà..."

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Màámi, mo mọ̀ ọ́n!"

"Irọ́ ni. Ṣí ìwé."

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yọ orí wọlé. Òun ló kọ́kọ́ pe ọmọ náà ní Lọ́yà, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Lọ́yà wa! Oníbàárà kan ní mo fá irungbọ̀n òun kọjá ibi tó yẹ. Ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó ni?"

"Ṣé ẹ bi í kí ẹ tó fá a?"

"Ó ti sùn lọ."

"Kò fọwọ́ sí i nìyẹn. Ẹ lọ máa di ẹrù yín."

"Yéè! Ìyá Lọ́yà, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ sí mi? Èmi tí mo gé irun ẹ̀ nígbà tí kò tíì héyín!"

Ó rẹ́rìn-ín padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ki ọwọ́ bọ abọ́. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Orí kẹsàn-án nìyẹn. Tíṣà ní kò ní jáde."

"Ṣé tíṣà ló ṣe ìbéèrè ìdánwò ni?"

"Rárá."

"Kà á, kí n gbọ́."

Ọmọ jókòó sórí báàfù tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ṣí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè.

"'Tí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìwé náà sí i létí láìfo ohunkóhun. Ẹni tó kà á yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pé òun ni òun kà á, àti pé ó yé ẹni tó tẹ̀ka. Òǹkàwé náà gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.'"

Ìyá kò dáwọ́ dúró. Apá ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan ló wà níwájú rẹ̀. Ó lọ̀ ọ́ lọ, ó lọ̀ ọ́ bọ̀.

"'Tí òǹkàwé bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí ó bá fo apá kan, ẹni tó tẹ̀ka lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n wọ́gi lé ìwé náà. Ó gbọ́dọ̀ lọ kí ọdún mẹ́fà tó pé.'" Ọmọ gbé orí sókè. "Màámi, ẹ ti lọ apá yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Ó rún ni."

"Kò rún."

Ìyá yí ṣẹ́ẹ̀tì náà padà. Láti gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ti mọ̀ pé ohun tí òun ti ń sá fún ti dé. Ojoojúmọ́ ló ń ṣọ́ ẹnu àwọn aládùúgbò, tó ń ṣọ́ ojú títì. Kò mọ̀ pé inú ìwé ọmọ òun ni yóò gbà yọ.

Ọmọ wo ìwé, ó wo ìyá rẹ̀.

"Ìwé kan wà tí mo kà fún yín nígbà tí Bàámi kú."

"Ìwé pọ̀ nígbà yẹn."

"Èyí tí Jẹ́jẹ́ mú wá. Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n rọra kọ ọ́, kó lè dáa."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá bàbá ọmọ náà dá iṣẹ́ ìfọṣọ sílẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù gidi nígbà náà: yàrá méjì, ẹ̀rọ omi nínú ilé, fèrèsé ńlá tó kọjú sí títì. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti bàbá. Jẹ́jẹ́ kì í pariwo. Bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún ló ṣe ń sọ̀rọ̀, "ìyàwó wa" àti "ẹ má ṣèyọnu" kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin bàbá ló mú ìwé wá. Ó ní kí opó fi ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà sí ìkáwọ́ òun títí ọmọ yóò fi dàgbà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló sì gba ẹ̀bùn ìwé kíkà ní ilé ìwé. Ta ni ìyá ì bá tún máa wá kiri, nígbà tí òǹkàwé wà nílé? Ọmọ kà á dé àárín, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ìyókù, ọ̀rọ̀ òfin lásán ni, Màámi." Ìyá tẹ̀ka. Inú ìyókù yẹn ni ṣọ́ọ̀bù wọn bá lọ.

"Kí ló wà nínú ìwé yẹn?"

"Ó ti pẹ́. Lọ wẹ̀, kó o má pẹ́ dé ibi ìdánwò."

"Kí ló dé tí a fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Mo ti sọ fún ọ. Òrùlé ń jò."

"Jẹ́jẹ́ ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ṣé kì í jò sí òun lórí ni?"

"Ó ti tún un ṣe."

"Tó bá ti tún un ṣe, kí ló dé tí a ò padà?"

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọ náà ní orí kẹfà nìyẹn: má bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tó lè fi ìtàn dáhùn, bi í ní kékeré kékeré, títí tí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ há ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun àti ìyá rẹ̀ parí orí kẹfà. Ìyá ló ń pe nọ́ńbà.

Irọ́ mìíràn wà lẹ́nu rẹ̀ tó ti jinná. Wákàtí mẹ́rin péré ni irọ́ náà ní láti gbé, títí ọmọ yóò fi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé ó ti mọ̀. Tí ẹni tí à ń parọ́ fún bá ti mọ̀, a kàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Ìwé náà ní mo ti ta ìdajì wa fún Jẹ́jẹ́. Ó ní mo ti gbowó. N ò rí owó kankan. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ní kí a kó ẹrù wa."

"Èmi ni mo kà á."

"Ìwọ lo kà á. Èmi ni mo tẹ̀ka sí i. Ọmọdé ni ọ́, èmi kì í ṣe ọmọdé."

"Mo fo ìyókù."

"O fò ó."

Ìyá mìíràn ì bá ti fà á mọ́ra, kí ó máa sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Obìnrin yìí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù ni wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní fi irú rẹ̀ tan ọmọ rẹ̀.

Ó ń retí ẹkún. Ọmọ kò sunkún. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ń kà.

"Ọ̀sẹ̀ tí mo gba ẹ̀bùn ni. Oṣù kẹta ni. Oṣù kẹta ọdún yìí ló pé ọdún mẹ́fà. Oṣù kẹfà la wà yìí." Ó fi ìka tẹ ìlà kan nínú ìwé. "Ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ìwé yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rí, Màámi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló kà á. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọjọ́ orí mi wà ní ilé ìwé. Ẹ kàn ní láti lọ sọ ọ́ ní kóòtù ni. Títí di oṣù kẹta tó kọjá, ẹ lè lọ."

"Mo rò pé téèyàn bá ti tẹ̀ka, ó parí nìyẹn. Ta ni mo fẹ́ bi?"

"Èmi. Ọdún méjì ni mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pe nọ́ńbà."

"Mo fẹ́ sọ fún ọ. Ọdún kìíní, o fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama. Mo ní kó o ṣe é tán. Ọdún kẹta, ìdánwò tún wà. Èṣí, ìdánwò wà. Mo rò ó pé tó o bá gbọ́ pé ọwọ́ rẹ ni nǹkan ti bọ́, ìwé ò ní wọlé sí ọ lórí mọ́."

"Kí ìwé lè wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó wọlé, Màámi."

Onígbàjámọ̀ tún yọjú. "Lọ́yà, aago mọ́kànlá ti kọjá o! Kí adájọ́ má lọ..." Ó rí ojú àwọn méjèèjì. Ó gbé orí rẹ̀ padà.

Ọmọ pa ìwé dé. "Mi ò lọ mọ́."

"Dìde."

"Kí n lọ kọ kí ni? Kí n lọ kọ ọ́ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́n nígbà tí kò wúlò mọ́?"

"Jẹ́jẹ́ ò mọ òfin. Ohun tó mọ̀ ni pé àwa ò mọ̀ ọ́n. Tó o bá jókòó sílẹ̀ yìí, á tún rẹ́ wa jẹ lẹ́ẹ̀kejì."

"Tí mo bá lọ, ṣé a máa rí ṣọ́ọ̀bù gbà padà?"

"Mi ò sọ pé a máa rí i gbà. Mo ní kó o dìde."

Ó dìde. Ó wẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fúnra rẹ̀ já aṣọ ilé ìwé rẹ̀ lórí okùn, ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìyá na ọwọ́ láti tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó yẹra díẹ̀, kọ́là náà sì wà bẹ́ẹ̀. Ó bọ bàtà. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ló ṣẹ́kù nínú abọ́.

"Ẹ pè é," ni ó wí.

Ìyá pè é. Ọmọ ń dáhùn ní ìdúró, ó kọjú sí títì, kò bojú wẹ̀yìn. Kò ṣi ẹyọ kan. Nígbà tí nọ́ńbà tán, ó gbé bírò méjì, ó sì lọ. Kò sọ pé ó dàbọ̀.

Ìyá padà sídìí áyọ́ọ̀nù. Ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló lọ̀ láàárín ìgbà náà, ṣòkòtò márùn-ún, aṣọ ìbora méjì. Ó tún ọ̀kan nínú aṣọ ìbora náà lọ̀ nígbà tó ti ká a tán. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti ka oṣù padà fúnra rẹ̀, láti oṣù kẹta dé oṣù kẹta, bóyá ọmọ ṣì í kà. Ọmọ kò ṣì í kà.

Aago márùn-ún lé díẹ̀ ni ọmọ dé. Ó gbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó rọrùn."

"Orí kẹsàn-án ńkọ́?"

"Tíṣà sọ òótọ́. Kò jáde."

Ìyá ní oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Ọmọ ní òun ti jẹun. Kò tíì jẹun. Ó gbé korobá méjì láti lọ pọnmi ní òpin títì fún aṣọ tí wọ́n máa fọ̀ lọ́la, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ìdánwò mìíràn ṣì wà lọ́jọ́ Ẹtì," ni ó wí, "tí ohun tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ bá ṣì kù."

Ó sì lọ pọnmi.