Ojú Kẹ́hìndé

Ẹ sún mọ́ mi, kí n rọ́ àlá tí Mojírọ́lá lá lọ́sàn-án àná fún yín, bó ṣe rọ́ ọ fún èmi náà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Iṣẹ́ Mojírọ́lá ní Ìkirè ni kó máa pa àwòrán pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Á tò wọ́n ní ìpele-ìpele bí ẹní tí a tẹ́ lé ẹní, olóògbé á sì dúró ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò fojú kàn rí. Lánàá, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló gbé kalẹ̀. Kẹ́hìndé, ọ̀kan nínú ìbejì tó bí, ti lọ sí Èkó, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ tí ìbejì bá kú. Àwòrán àwọn méjèèjì bá fóònù lọ sínú kànga; ti Táyé tí wọ́n yà fún ilé ìwé nìkan ló kù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìbejì kì í dá dúró lára ògiri, kó sọ Táyé di méjì, ṣebí ojú kan náà ni wọ́n ní. Lóòótọ́ ni, àmọ́ Mojírọ́lá nìkan ló máa ń dá wọn mọ̀ láìwo aṣọ. Ó sọ Táyé di méjì. Oorun gbé e lọ níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Ìbejì. Ìpele wo lẹ ń wá?"

"Èyí tí Kẹ́hìndé wà."

"Ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Ẹ máa ká a lọ."

Ó ká sánmà, ó ká ògiri ilé wọn, ó ká fìlà ọkọ rẹ̀ tí kò sí orí nínú rẹ̀. Fìlà kí i, ó sì dáhùn. Lábẹ́ fìlà ni ọ́fíìsì kan wà tó léfòó lórí omi. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Ọ̀gá kan tó wọ táì jókòó síbẹ̀.

"Ta lẹ ń wá, màdáámù?"

"Kẹ́hìndé ọmọ mi ni, sà."

"Ẹ ṣàpèjúwe ojú rẹ̀."

Ó la ẹnu, ojú Táyé ló bọ́ sórí tábìlì. Ó tún gbìyànjú, ojú Táyé náà ló tún bọ́ síbẹ̀. Tábìlì kún. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n.

"Ẹ kú oúnjẹ, sà," ni Mojírọ́lá wí, torí ẹni tó ń wá nǹkan ní ọ́fíìsì kì í ṣàfojúdi. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ti kọjá ẹkún.

Ìpele kan ló kù. Ó ká a. Kẹ́hìndé ló dúró síbẹ̀, ó kẹ́yìn sí i.

"Kẹ́hìndé!"

Ọmọ náà yíjú. Ojú Táyé ni.

"Ojú tìẹ dà?"

"Èyí tẹ́ ẹ fún mi ni mo wọ̀, Màámi. Ẹ ti fi bo tèmi mọ́lẹ̀."

Ó ta jí. Òbúkọ aládùúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àjákù fọ́tò. Táyé ti ti ilé ìwé dé, ó dúró níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wo ara rẹ̀ méjì.

"Màámi, Kẹ́hìndé dà níbẹ̀?"

Mojírọ́lá fà á mọ́ra.

"Táyé, jọ̀ọ́, báwo lojú Kẹ́hìndé ṣe rí?"

Táyé fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀.

"Ó jọ mi ni."